Páì Yíyan Nínú Ọkọ̀-Ilé Tí Kò Ní Oven: Níbo La Ti Máa Rí Iná Òkè?

Láti ìgbà tí àwa àti àwọn ọmọ ti ń fi ọkọ̀-ilé, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní motorhome, rìn kiri ilẹ̀ Britain nígbà ìsinmi, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe yan mítì páì yẹn nígbà tí kò sí oven nínú ọkọ̀?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí fóònù títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ojú gáàsì méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ tiwa, ìsàlẹ̀ nìkan ni iná wọn sì ti ń wá. Oven ní tirẹ̀ máa ń fi ooru gbígbẹ yí oúnjẹ ká, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni páì orí gáàsì ṣe máa ń jóná nísàlẹ̀ kí òkè rẹ̀ tó mọ̀ pé wọ́n ti dáná. Àwọn ìyá wa tó ń yan kéèkì nílé láyé ọjọ́sí mọ ọgbọ́n rẹ̀: wọ́n á da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á gbé páànù kéèkì lé e, wọ́n á dé e, wọ́n á wá kó ẹyín iná sórí ọmọrí. Gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí, ibi tí a ti máa rí iná òkè yẹn ni wọ́n ń wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, Wales la wà, òjò ń rọ̀, mo gbé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé iná ńlá. Ìsàlẹ̀ dúdú bí èédú, òkè funfun bí ẹ̀kọ. Bàbá àwọn ọmọ jẹ àárín rẹ̀, wọ́n ní ó dùn. Irọ́ ni.

## Kí ẹ tó tan iná

Inú ọkọ̀ kéré, ibùsùn kò sì jìnnà sí ojú gáàsì. Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò ná:

- Ẹ ṣí fèrèsé kan àti fèrèsé orí òrùlé, bí òtútù tilẹ̀ ń mú. Gáàsì tí kò bá rí atẹ́gùn tó máa ń tú carbon monoxide jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí.
- Ẹ ní aago tó máa ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá wà nínú ọkọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò nílé.
- Ẹ má fi rọ́ọ̀gì tàbí bàtà dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nílẹ̀ ọkọ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, ihò yẹn ló sì ń gbà jáde.
- Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú. Bó bá dagun, ọ̀rá á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan páànù, ẹ̀gbẹ́ kejì á gbẹ.
- Aṣọ ìpaná gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ òkè ojú gáàsì lẹ fi kọ́, ọwọ́ yín kò ní lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá sọ.
- Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé àdògán eléèédú, ìyẹn bàbékíù, wọ inú ọkọ̀, kódà bí ẹ bá rò pé ó ti kú. Èédú tí kò mú èéfín jáde mọ́ ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró náà sílẹ̀.
- Ẹ má fi ojú gáàsì yá iná nítorí òtútù. Ibi ìdáná ni.

Ẹ̀yin tó ń jáde nígbà òtútù, ẹ wo irú gáàsì tí ẹ gbé. Butane kì í jáde dáadáa mọ́ bí òtútù bá ti sún mọ́ 0°C, propane sì ń ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bí -42°C. A ti rí ẹni tó rò pé gáàsì òun ti tán láàárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín bò gbogbo ilẹ̀, tó sì jẹ́ pé sílíńdà rẹ̀ ṣì kún. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn yọ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì rọ́pò. Ẹ rí i pé règúlétọ̀ yín bá a mu.

## Ọ̀nà kìíní: páànù ọlọ́mọrí (èyí ni mo fọwọ́ sí jù)

Bí iná òkè kò bá sí, ẹ yí páì náà padà, kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mítì páì tiwa, èyí tí a ń ká bí ilàjì òṣùpá, fi dára fún ọkọ̀-ilé ju páì òyìnbó rogodo tó ń gbé inú àwo lọ. Tiwa ṣeé yí. Ti òyìnbó, bí ẹ bá yí i, ọbẹ̀ inú rẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ nílò fún páì 6

Fún èèpo rẹ̀:
- fúláwà 250 g
- bọ́tà tàbí màjárínì tútù 125 g
- béékìn páúdà, ìdajì ṣíbí ìpotíì
- iyọ̀ díẹ̀
- omi tútù, bíi ṣíbí ìjẹun 4

Fún inú rẹ̀:
- ẹran lílọ̀ 250 g
- pòtétò 1 àti kárọ́ọ̀tì kékeré 1
- àlùbọ́sà 1
- táìmù, kọ́rì, magí, ata bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ
- fúláwà ṣíbí ìjẹun 1 tí ẹ fi omi pò, láti mú un ki

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

1. Inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè. Ẹ din àlùbọ́sà àti ẹran, ẹ gé pòtétò àti kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ bí èékánná, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ sè é títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jinná. Ẹ da fúláwà tí ẹ fi omi pò sí i kó ki. Ó gbọ́dọ̀ jinná pátápátá níbí, torí èèpo nìkan ni páànù máa bá yín sè.
2. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má kánjú níbí yìí. Ẹran gbígbóná á yọ́ bọ́tà inú èèpo kí ẹ tó ká a tán, páì á sì ya.
3. Ẹ fi ìka fọ́ bọ́tà sínú fúláwà, béékìn páúdà àti iyọ̀ títí yóò fi rí bíi gàrí. Ẹ wọ́n omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ kó o jọ. Bó bá ti ṣù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá pò ó bí búrẹ́dì, èèpo líle ni yóò jẹ.
4. Ẹ wé e, ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
5. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kò sí igi ìtẹ́fúláwà nínú ọkọ̀? Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ fọ̀ á ṣe é. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó 3 sí 4 mm. Ẹ fi abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 12 cm gé e róbótó-róbótó.
6. Ẹ bu ṣíbí 2 inú páì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi omi pa etí rẹ̀, ẹ ká a, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ rọra fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìkùn rẹ̀ kó má ga jù. Ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan péré kí ooru rí ọ̀nà jáde.
7. Ẹ gbé páànù tí ìdí rẹ̀ nípọn lé iná tó kéré jù, fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ fi bọ́tà pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Yíyan là ń yan, a kò dín.
8. Ẹ to páì 2 tàbí 3 sí i, kí wọ́n má fara kanra. Ẹ dé e. Ìṣẹ́jú 8 sí 10.
9. Ẹ ṣí i, ẹ nu omi tó wà lábẹ́ ọmọrí gbẹ, ẹ yí páì náà, ẹ dé e padà. Ìṣẹ́jú 8 sí 10 mìíràn.
10. Ẹ ṣí ọmọrí kúrò fún ìṣẹ́jú 2 kí èèpo lè gbẹ kó sì máa fọ́ lẹ́nu. Etí tó bá ṣì funfun, ẹ fi páì náà dúró ti ẹ̀gbẹ́ páànù kí ooru tó o lára.

Omi abẹ́ ọmọrí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Tí ẹ kò bá nù ún, ó máa kán sórí páì, èèpo á sì rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ń fi tówẹ́ẹ̀lì wé ọmọrí kó lè fa omi náà. Ẹ má ṣe é lórí gáàsì. Etí tówẹ́ẹ̀lì kì í jìnnà síná.

Bí iná yín kò bá kéré tó, ẹ ra irin pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbé sáàárín iná àti páànù láti pín ooru. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí kò bá sí, ẹ gbé páànù kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́.

## Ọ̀nà kejì: ìkòkò di oven

Èyí wà fún ẹni tó bá fẹ́ páì rogodo dandan, tàbí kéèkì. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni, àyàfi pé a kò ní kó ẹyín iná sórí ọmọrí nínú ọkọ̀, a kò sì ní lo yanrìn. Yanrìn wúwo, bí ọkọ̀ bá sì gbọ̀n, inú bẹ́ẹ̀dì lẹ máa bá a.

1. Ẹ wá ìkòkò ńlá tí ìdí rẹ̀ nípọn, ti alúmíní tàbí irin. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n kun kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá gbóná lófìfo jù, èéfín burúkú ló ń rú jáde lára ọ̀dà yẹn.
2. Ẹ gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ sínú rẹ̀, kí àwo páì má fara kan ìdí ìkòkò.
3. Ẹ fi fọ́ìlì bo abẹ́ ọmọrí. Ọmọrí onírin ni kí ẹ lò. Ti gíláàsì lè sán.
4. Ẹ dé e, ẹ fi iná àárín gbé e gbóná fún ìṣẹ́jú 10.
5. Ẹ gbé páì sí i, ẹ dín iná kù, ẹ dé e. Ìṣẹ́jú 40 sí 50. Ẹ má máa ṣí i wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni ooru òkè tí à ń wá ń sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: òkè rẹ̀ kì í pupa bíi ti oven. Ó máa jinná, kò kàn ní dán. Ojú iná tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 kW sì máa ń jẹ gáàsì bíi 70 g ní wákàtí kan, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí sílíńdà yín bá kéré. Èmi kì í lò ó mọ́, àfi fún kéèkì ọjọ́ìbí.

Ẹni tó bá ń dáná níta lórí sítóòfù kékeré tó jókòó lé agolo gáàsì, ẹ má gbé ìkòkò fífẹ̀ lé e, ẹ má sì fi fọ́ìlì yí i ká nítorí afẹ́fẹ́. Ooru á padà sórí agolo náà, ó sì lè bú.

## Bí ẹ bá ṣetán láti ra nǹkan

Omnia, ìyẹn oven kékeré tó ń jókòó lórí ojú gáàsì, ni ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀-ilé ń lò. Ará Sweden ló ṣe é. Awẹ́ mẹ́ta ni: irin tó ń jókòó lórí iná, àwo alúmíní tó ní ihò láàárín bí òrùka, àti ọmọrí. Ooru á gba ihò àárín gòkè, á wá tàn kálẹ̀ lábẹ́ ọmọrí. Iná òkè ti dé nìyẹn, láìsí ẹyín iná. Ẹ gbé irin ìsàlẹ̀ gbóná fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 kí ẹ tó gbé àwo lé e. Nítorí àwo rẹ̀ rí bí òrùka, ẹ to mítì páì kéékèèké sí i yí ká, tàbí kí ẹ tẹ́ èèpo sí i, ẹ da ẹran sí i, ẹ fi èèpo bò ó lókè.

Bí ibùdó tí ẹ gbé ọkọ̀ sí bá ní iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ dẹ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye ámpìà tí wọ́n fún yín:

- ámpìà 6: bíi 1,380 W
- ámpìà 10: 2,300 W
- ámpìà 16: 3,680 W

Air fryer tó ń jẹ 1,500 W kò lè bá ámpìà 6 gbé. Ní ámpìà 10, ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹnì kan bá tan kẹ́tù pẹ̀lú rẹ̀, iná á já, gbogbo yín á wà lókùnkùn, páì á wà ní tútù. Nílé tiwa, ẹni tó bá fẹ́ tan kẹ́tù gbọ́dọ̀ kígbe kó tó ṣe é. Remoska, ìkòkò àwọn ará Czech, kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀. Inú ọmọrí rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi wáyà tó ń gbóná sí, òkè ni iná rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi bátìrì ọkọ̀ gbé air fryer. Ohun tó bá ń jẹ 1,500 W máa fa ámpìà tó lé ní 125 lára bátìrì 12 V.

## Páì tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ń kọ́?

Èyí tó wà nínú agolo, irú Fray Bentos: èèpo rẹ̀ kò tíì jinná, inú oven ni wọ́n ti fẹ́ kó wú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé agolo tí ẹ kò tíì ṣí lé iná láé, ó lè bú mọ́ yín lójú. Ẹ ṣí i, ẹ rọra ká èèpo òkè kúrò, ẹ wọ́n fúláwà díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ tó lọ́bẹ̀, ẹ yan án nínú páànù ọlọ́mọrí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ da ọbẹ̀ inú rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ gbé e hó dáadáa. Ẹ bu ọbẹ̀ sínú àwo, ẹ fi èèpo dé e lórí. Ẹnu kò ní mọ̀ pé wọn kò jọ jinná.

Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí débi pé mo ń lò ó fún ọbẹ̀ ilé náà. Ẹ ra èèpo páì tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀, ẹ gé e sí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ yan án nínú páànù, ẹ wá fi dé ọbẹ̀ adìyẹ.

Páì tó ti jinná, tó kàn tutù: páànù ọlọ́mọrí, iná kékeré, ìṣẹ́jú 5 sí 7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi tẹmómítà gún àárín rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dé 70°C fún ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán. Èyí tó dì, ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fìríìjì ná.

Pudding ẹran tí àwọn òyìnbó ń fi ọ̀rá màlúù po èèpo rẹ̀: ẹ̀yin tó mọ mọ́ínmọ́ín sè, ẹ ti mọ èyí. Ẹ po fúláwà tó ń wú fúnra rẹ̀ 200 g mọ́ ọ̀rá 100 g àti omi, ẹ tẹ́ ẹ sínú kọ́ọ̀bù kéékèèké, ẹ da ẹran tó ti jinná sí i, ẹ fi èèpo bò ó, ẹ fi fọ́ìlì dé e pinpin. Ẹ tò wọ́n sínú ìkòkò, kí omi dé ìdajì ara kọ́ọ̀bù, ẹ sè é fún bíi wákàtí kan. Ẹ máa bu omi gbígbóná kún un. Kò nílò iná òkè rárá, torí ooru omi ló ń yí i ká. Àmọ́ fèrèsé gbogbo á kún fún omi, ẹ ṣí wọn dáadáa.

## Oúnjẹ wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ tó ti rẹ̀ yín

- Páì onítòtílà: ẹ bu inú páì tó ṣẹ́kù sáàárín tòtílà, ẹ ká a bí àpòòwé, ẹ kọ́kọ́ dojú ibi tí ẹ ká bolẹ̀ nínú páànù. Ìṣẹ́jú 3 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 3 ní èkejì. Àbúrò nínú àwọn ọmọ mi fẹ́ràn èyí ju páì gidi lọ. N ò tíì dárí jì í.
- Jọ̀lọ́ọ̀fù ìkòkò kan: ẹ din ata yín nílé, ẹ gbé e dì, ẹ kó o dání. Ẹ kàn fọ ìrẹsì dáadáa, ẹ má bọ̀ ọ́, torí omi inú ọkọ̀ kì í pọ̀. Iná kékeré fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ pa iná, ẹ gbé ìkòkò kúrò lójú gáàsì, ẹ wá fi tówẹ́ẹ̀lì wé e fún ìṣẹ́jú 10. Yóò parí ara rẹ̀.
- Búrẹ́dì oní-sàdíìnì: irin méjì tó ń pàdé, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì há láàárín, lórí gáàsì. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
- Dòdò: òróró díẹ̀ nínú páànù, ó tó. Puff-puff àti àkàrà tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró, ẹ dín wọn nílé kí ẹ tó gbéra. Òróró gbígbóná nínú ọkọ̀ tí ọmọ ń sáré wọlé sáré jáde, mi ò gbà á láyè.

## Kí ló ṣe páì mi?

- Ìsàlẹ̀ jóná, inú tútù: iná pọ̀ jù, tàbí páànù fẹ́lẹ́.
- Èèpo rọ̀: ẹ kò nu ọmọrí, tàbí ẹ to páì kún páànù jù.
- Ó ya, ọbẹ̀ tú jáde: inú rẹ̀ ṣàn jù tàbí ó ṣì gbóná nígbà tí ẹ ká a.
- Èèpo le bí pákó: ẹ pò ó jù, tàbí omi pọ̀ nínú rẹ̀.
- Ẹ̀gbẹ́ kan pupa, èkejì funfun: ọkọ̀ dagun, tàbí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ iná. Ẹ máa yí páànù díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọ̀rá tó bá kù nínú páànù, ẹ fi pépà nù ún sínú àpò ìdọ̀tí kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bó bá gba inú síńkì lọ, inú táńkì omi ìdọ̀tí ni yóò ti dì, òórùn rẹ̀ ni ẹ ó sì máa bá sùn títí ẹ ó fi délé.